Bí a ṣe ń wá àdírẹ́sì MAC ẹ̀rọ wa, kí Wi-Fi ilé má bàa di ti àdúgbò

Ẹ ra dátà lọ́jọ́ Ajé, kó tó di Ọjọ́rú ó ti tán, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó wo fíìmù nínú ilé. Kí ẹ tó pe àwọn tó tà á fún yín láti bá wọn jà, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó wà lórí Wi-Fi yín. Páswọ́ọ̀dù tí ẹ fún àlejò nígbà Iléyá lè ti dé ojúlé kẹrin báyìí.

Àdírẹ́sì MAC ni ráútà, ìyẹn àpótí tó ń pín Wi-Fi, fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ náà ni wọ́n ti fi í sí i lára. Àmì méjìlá ni, méjì-méjì ni wọ́n sì máa ń kọ ọ́, bíi 00:00:5E:00:53:AF. Nọ́ńbà 0 dé 9 àti lẹ́tà A dé F nìkan ló ń wọ inú rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá rí ohun tó jọ lẹ́tà O, òdo ni. Àmì mẹ́fà àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é; IEEE, àjọ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àgbáyé, ló ń pín in fún wọn. Ẹ̀rọ tó bá ń lo Wi-Fi tó tún ní ojú wáyà ní àdírẹ́sì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ti Wi-Fi là ń wá.

Ẹ mú bébà àti bírò. Gbogbo ohun tó ń lo Wi-Fi nínú ilé ni kí ẹ kọ sílẹ̀: fóònù, kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà, títí kan inverter tó bá ní Wi-Fi tirẹ̀, torí òun la sábà máa ń gbàgbé.

Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ cmd, kí ẹ tẹ Enter. Nínú ojú dúdú tó bá ṣí, ẹ kọ ipconfig /all. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Wireless LAN adapter Wi-Fi" sí. Iwájú "Physical Address" lábẹ́ rẹ̀ ni àdírẹ́sì náà wà. Ẹ óò rí àwọn mìíràn níbẹ̀, ti Bluetooth àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fò wọ́n. Lórí Mac, ẹ di Option mú kí ẹ tó tẹ àmì Wi-Fi tó wà lókè. Ti tẹlifíṣọ̀n àti kámẹ́rà sábà máa ń wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn wọn.

Fóònù ló ní wàhálà díẹ̀. Lórí Android, "Settings" ni ẹ óò ṣí, lẹ́yìn náà "About phone", àwọn kan á tún ní kí ẹ wọ "Status". Lórí iPhone, "Settings", "General", "About", kí ẹ wá "Wi-Fi Address". Àmọ́ láti ìgbà Android 10 àti iOS 14 ni fóònù ti ń fi àdírẹ́sì àdábọwọ́ han Wi-Fi tó bá wọ̀, kí àwọn ènìyàn má bàa máa tọpa ẹni tó ni ín káàkiri. Èyí tí ẹ rí nínú "About" lè má jẹ́ èyí tí ráútà ń rí rárá. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kí ẹ wo àmì kejì nínú àdírẹ́sì tí ráútà gbé jáde: bó bá jẹ́ 2, 6, A tàbí E, àdábọwọ́ ni. Láti mú un kúrò, ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi ilé yín lórí Android, ẹ wọ "Privacy", kí ẹ yan "Use device MAC" (àwọn fóònù kan ń kọ "phone MAC"). Lórí iPhone, ẹ tẹ àmì "i" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Wi-Fi, kí ẹ pa "Private Wi-Fi Address". Wi-Fi ilé nìkan ni kí ẹ ṣe é fún. Ẹ fi ti ìta sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí ó wúlò níbẹ̀.

Ó wá ku ráútà. Ẹ kọ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 síbi tí ẹ ti ń kọ orúkọ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì. MiFi (ráútà kékeré alágbèéká) púpọ̀ ń lo 192.168.8.1. Èyí tó bá jẹ́ tiyín wà lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé "admin" ṣì ni páswọ́ọ̀dù tí ẹ fi wọlé, ẹ yí i padà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ wá "Connected Devices", kí ẹ fi ohun tó wà níbẹ̀ wé ti bébà yín. Bí ẹ bá rí àjèjì, ẹ má tíì pariwo olè. Ẹ máa pa ẹ̀rọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo èyí tó bá kúrò lójú ráútà.

Bí àjèjì náà kò bá kúrò, páswọ́ọ̀dù Wi-Fi ni kí ẹ yí padà. Ẹ lo WPA2 tàbí WPA3, àwọn ìlànà tó ń bo ohun tó ń gba Wi-Fi kọjá, kí ẹ sì pa WPS, ọ̀nà àbùjá tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ wọlé láìkọ páswọ́ọ̀dù. Ìwọ̀nyí ni ìdènà gidi.

Àwọn kan á fi "MAC Filter" kún un, kí ráútà má gba ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ìlànà "Allow" (àwọn tó wà nínú ìwé nìkan ló ń wọlé) ni kí ẹ yan, nítorí ẹni tí ẹ bá fi "Deny" (àwọn tó wà nínú ìwé ni kò gbọdọ̀ wọlé) lé jáde lè yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà kíákíá. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ kí ẹ tó tẹ "Save", àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ óò ti ara yín mọ́ta. Wáyà ló sábà máa ń gba ènìyàn nínú ìyẹn. MiFi tí kò ní ojú wáyà, ihò "Reset" ló kù, gbogbo ètò tí ẹ ti ṣe á sì pa rẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn tán an jù. Bí nọ́ńbà ara ọkọ̀ ni àdírẹ́sì MAC rí: gbogbo ẹni tó wà lójú títì ló ń rí i, ẹni tó bá sì fẹ́ lè ṣe irú rẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà kọjá láìbò, bí WPA2 tilẹ̀ bo ìyókù. Lójú tèmi, ilé tí àlejò ò wọ́n kò nílò rẹ̀. "Guest Network", ìyẹn Wi-Fi ọ̀tọ̀ fún àlejò lórí ráútà kan náà, ló dára jù fún irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa yí páswọ́ọ̀dù rẹ̀ lẹ́yìn ìnáwó. Ẹni tó bá sì lo "Allow", ọjọ́ tó bá ta fóònù àtijọ́ ni kó yọ àdírẹ́sì rẹ̀ kúrò.