Fáàfù Ọkàn Tó Ń Jò: Ara Tó Yá Kò Sọ Pé Ó Ti Dí

Ilé tí dókítà ti sọ fún pé fáàfù ọkàn ẹnìkan níbẹ̀, ìyẹn ilẹ̀kùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn padà, ń jò la kọ ìwé yìí fún. Àgbẹ̀ kòkó kan ládùúgbò wa ló fà á, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ lóṣooṣù. Nígbà tí ìkórè dé, ó rí i pé òun ń gbé àpò kòkó bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ní fáàfù ti dí nìyẹn, kò dé ilé ìwòsàn mọ́. Nígbà tó fi máa padà lọ lọ́dún kejì, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Orí àga ló ń sùn mọ́jú, ó gbé orí lé àpò tí wọ́n ká sórí tábìlì. A pàdánù rẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbé ẹ̀rọ ìfin-oògùn kọ́ ẹ̀yìn rí mọ ohun tí à ń wí. Bí wáṣà inú rẹ̀ bá ti jẹ, oògùn tí ẹ tì lọ á tún ṣàn padà, ẹ ó máa tẹ ọwọ́ rẹ̀ títí apá á fi kú. Fáàfù tí à ń sọ yìí ní awẹ́ mẹ́ta, ó wà lẹ́nu iṣan ńlá tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kúrò nínú ọkàn lọ sí gbogbo ara. Bí ara bá nílò mìlílítà 70 ẹ̀jẹ̀ ní ìgbà kan tí ọkàn bá lù, tí 60 sì ń jò padà, ọkàn gbọ́dọ̀ ti 130 jáde. Ìlù kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán tòru.

Kí ọkàn lè gba ẹ̀jẹ̀ tó ń padà yìí, ó ń fẹ̀, ẹran rẹ̀ sì ń nípọn. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń tan yín jẹ. Ó lè fara dà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ẹni náà máa kọ ebè, kó máa jó lóde. Bí ẹran ọkàn bá wá nà kọjá ààlà, fáàfù tuntun pàápàá lè máà dá a padà sípò. Ẹ má fi agbára apá wọn ọkàn.

Kò sí oògùn tó ń dí fáàfù. Àgbo kò dí i. Iṣẹ́ abẹ ló ń tún un ṣe tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀, àwòrán ọkàn tí wọ́n ń pè ní ẹ́kò ló sì ń sọ ìgbà tó yẹ. Bí jíjò náà bá pọ̀, ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 6 sí 12, ara ì báà le bí òkúta. A ń rí owó aṣọ ẹbí. Ẹ jẹ́ ká rí owó èyí náà.

Tí wọ́n bá wọn ìfúnpá, ẹ wo nọ́ńbà méjèèjì. 160 lókè, 50 nísàlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru lásán ni: fáàfù tó ń jò lè mú kí méjèèjì jìnnà síra báyẹn. Ẹ má sì ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí aládùúgbò ń lò: àwọn kan ń mú ọkàn lù falẹ̀, bó bá sì ṣe falẹ̀ tó ni ẹ̀jẹ̀ ń ráyè jò padà tó.

Abẹ́rẹ́ wá ńkọ́? Ẹni tí ibà tó tẹ̀lé ọ̀fun dídùn ba fáàfù rẹ̀ jẹ́ ní kékeré ló ni ín, kí ibà náà má bàa padà wá jẹ ẹ́ sí i. Benzathine penicillin ni, 1,200,000 yúnìtì fún àgbàlagbà, ní ọjọ́ 28 síra wọn. Kì í ṣe 35, kì í ṣe “tí mo bá ti tajà tán”. Bí wọ́n bá gún un ní Mọ́ńdè, Mọ́ńdè ni yóò tún bọ́ sí. Ẹ fi ẹfun sàmì sára ògiri. Ọdún 10 lẹ́yìn ibà tó ṣe é kẹ́yìn, tàbí títí yóò fi pé ẹni 40, èyí tó bá pẹ́ jù. Kó jẹun, kó mu omi kó tó lọ, kó sì dùbúlẹ̀ gbà á. Ẹni tí èémí rẹ̀ ti ń já, kó sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó na apá: dókítà lè fi oníhóró rọ́pò rẹ̀.

Bí ó bá dákú, bí àyà bá ń dùn ún, tàbí bí kò bá lè sùn láìgbé orí sókè, ẹ má retí Mọ́ńdè. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.