Oògùn Jíjò Kò Lè Gbé Ọkọ̀ Dúró: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Ọkọ̀ Tí Epo Ń Gbé

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n wọ́ Lexus LX 470 kan dé ọgbà wa ní Àkúrẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún ga sókè, ti òsì sì wálẹ̀ débi pé táyà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha mọ́dígáàdì, bí ẹni tí nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lábẹ́rẹ́ ní ìdí. Mo ṣí tánkì epo tó ń gbé ọkọ̀ náà, mo ti ìka bọ̀ ọ́, ohun tó sì lẹ̀ mọ́ mi níka kì í ṣe epo mọ́. Ó ń yọ̀, ó ń fà bí ọbẹ̀ ilá àná. Mo bi olówó ọkọ̀ pé, “Ọ̀gá, ìgò sítọ́pù-líìkì mélòó lẹ dà sí i?” Ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó dáhùn pé, “Méjì péré ni.”

Oògùn tí wọ́n ń dà sínú epo kí ó lè dá jíjò dúró ni sítọ́pù-líìkì, kì í sì ṣe ọ̀gá yìí nìkan ló ń dà á. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra irú ọkọ̀ yìí tí wọ́n ń ná owó sí ibi tí kò yẹ, ó sì ti sú mi. N kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí bí epo ṣe ń gbé ọkọ̀ dípò sípíríǹgì lásán, nítorí pé ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ wálé ti yẹ kí ó mọ ìyẹn. Fún ẹni tí kò mọ̀, páǹpù ló ń ti epo yìí, tí kì í ṣe bẹntiróòlù, lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ láti gbé e ga.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí ènìyàn má mọ ohun tí òun rà. Mo ti rí ọkùnrin kan tó ń wá ibi tí yóò da epo sí lára Range Rover tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé e.

Èkejì ni pípe ohun tí kì í ṣe jíjò ní jíjò. Ní ti LX 470 àti Land Cruiser 100 tó ní irú ètò yìí, bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sí ipò HI, ìyẹn òkè, epo yóò kúrò nínú tánkì lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ojú rẹ̀ yóò sì lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ sí LO, ìyẹn ìsàlẹ̀, epo yóò padà wálé, tánkì yóò sì tún gòkè. Ẹni tó bá wò ó ní HI, tó sọ pé epo ti dín, tó sì bu òmíràn kún un títí dé ojú àmì, yóò rí i tí epo ń ṣàn jáde nígbà tó bá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, yóò sì sáré lọ ra oògùn fún ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ipò N, ìyẹn àárín, ni kí ẹ ti wò ó, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ti Citroën àtijọ́ yàtọ̀: ipò tó ga jù lọ ni a ń gbé e sí kí a tó wo epo rẹ̀. Citroën àtijọ́ a sì tún máa rọra jókòó sílẹ̀ tí wọ́n bá pa á fún wákàtí púpọ̀. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn, kò tọrọ oògùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta ni dída epo bíréèkì sí i nítorí pé “epo náà ni epo”. Irọ́ ni. Epo aláwọ̀ pupa ni Citroën lò nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ DS jáde ní 1955. Ní ìdajì kejì ẹ̀wádún 1960 ni wọ́n yí i padà sí epo mìíràn, LHM aláwọ̀ ewé, tí wọ́n sì yí gbogbo rọ́bà inú ọkọ̀ padà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé rọ́bà tó ń gba ọ̀kan kì í gba èkejì. Bí àwọn tó ṣe ọkọ̀ kò bá lè pa epo méjèèjì pọ̀, kí ni ọmọṣẹ́ ọdún méjì rí tí wọn kò rí?

Ẹ̀kẹrin ni ohun tí mo tìtorí rẹ̀ mú bírò: sítọ́pù-líìkì fúnra rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni àwọn oògùn wọ̀nyí ń gbà ṣiṣẹ́. Àwọn kan ń mú kí rọ́bà rọ̀ kí ó sì wú, kí ó lè dí àlàfo tó wà láàárín òun àti irin. Àwọn mìíràn ní ẹ̀rún kéékèèké nínú, tí wọ́n ní yóò lọ dí ojú ihò pa. N kò ní parọ́ mọ́ ìgò: nínú sítíárìn ọkọ̀ kékeré tí síìlì rẹ̀, ìyẹn rọ́bà tó ń dí epo mọ́, ti gan, irú ti àkọ́kọ́ yẹn lè dín jíjò kù fún ìgbà díẹ̀, bóyá títí ẹ ó fi rí owó síìlì tuntun. Láti ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti mú un wá sí ibi tí kì í ṣe àyè rẹ̀.

Oògùn yìí kò ní ojú. Kò mọ̀ pé síìlì ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì nìkan ló gbó. Ohun tó bá ṣe sí síìlì yẹn ni yóò ṣe sí gbogbo rọ́bà tí epo bá fọwọ́ kàn, ti páǹpù, ti fáàfù, ti họ́ọ̀sì, títí kan awọ rọ́bà tó pààlà láàárín epo àti gáàsì náítírójìn nínú àwọn bọ́ọ̀lù irin tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ máa mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ lórí kòtò. Ẹ jẹ́ kí n fi géèjì fọkanáísà ṣàlàyé. Táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà ju 32 tàbí 35 psi lọ. Nínú Citroën, páǹpù máa ń ti epo dé nǹkan bí bar 170, èyí tó lé ní 2,400 psi, ìyẹn ju ìlọ́po 60 agbára táyà lọ. Rọ́bà tí a ti fi oògùn rọ̀ kò lè dúró níwájú irú agbára bẹ́ẹ̀. Yóò wú lónìí, jíjò yóò dín, ẹ ó yin oògùn. Kò ní pẹ́ tí agbára epo yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú jẹ wẹ́wẹ́. Ní ti ẹ̀rún, àlàfo tó wà nínú àwọn fáàfù tó ń darí ìga ọkọ̀ há débi pé irun orí kò lè gba ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rún máa ń kọ́kọ́ dí, kì í ṣe ibi tó ń jò.

Ẹ má rò pé mo mọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, tí mo ń rò pé mo ti mọ ohun gbogbo tán, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé Citroën CX wá bá mi ní Oǹdó. Epo ń kán díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. N kò fọ abẹ́ ọkọ̀, n kò wo ibi tó ti ń kán. Mo lọ ra ìgò kan, mo dà á sí i, mo gba owó iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni kò fi kán. Bàbá ń pè mí ní ẹnjiníà, inú mi sì ń dùn. Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lójú ọ̀nà Ìdànrè nígbà tí iná pupa tàn níwájú wọn tí ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ CX mọ ohun tó bà mí lẹ́rù: epo kan náà tó ń gbé ọkọ̀ yẹn ló ń ṣiṣẹ́ bíréèkì àti sítíárìn rẹ̀. Bàbá rí i dá dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà, ìyókù epo tó wà nípamọ́ ló yọ wọ́n. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, wọn kò pariwo mọ́ mi. Wọ́n kàn ní, “Ọmọ mi, ṣé o wo ibi tó ti ń jò lọ́jọ́ yẹn?” N kò rí èsì fọ̀. Ìdí nọ́ọ̀tì kan tó ti tú díẹ̀ ni epo ti ń kán láti ìbẹ̀rẹ̀. Sípánà kan ni ì bá tán an. Owó tí mo fi fọ gbogbo inú ọkọ̀ náà tí mo sì fi pààrọ̀ páǹpù rẹ̀, àpò ara mi ló ti jáde, mo sì jẹ gbèsè rẹ̀ títí di ọdún kejì.

Kò sí ìgò tó lè dí páìpù tí ìpẹtà ti jẹ, tàbí họ́ọ̀sì tó ti ya, tàbí ọ̀pá irin tí iyanrìn ti ha. Ó pọn dandan kí ẹ wá ibi tó ti ń jò, iṣẹ́ yẹn kò sì le. Ẹ fi omi àti ọṣẹ ìfọṣọ fọ abẹ́ ọkọ̀ títí ẹrẹ̀ pupa yóò fi kúrò. Ní Àkúrẹ́ wa níbí, ẹrẹ̀ yẹn nìkan lè fi jíjò mẹ́ta pamọ́. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ bu pọ́dà ọmọdé, kí ẹ fẹ́ ẹ sí ìdí páìpù, ìdí họ́ọ̀sì àti ara ọ̀pá irin. Ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀, kí ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ mọ́jú. Ní òwúrọ̀, ẹ ó rí ojú ọ̀nà tí epo gbà la pọ́dà kọjá, tẹ́ẹ́rẹ́, bí ojú omijé lójú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní pọ́dà. Ẹ tọ̀ ọ́ lọ sókè, nítorí pé ibi tí epo ti kán kọ́ ni ibi tó ti jáde.

N kò rántí iye tí mo ti kà dé, ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń gbá yín nídìí bí kẹ̀kẹ́ ẹrù, tí epo rẹ̀ kò sì dín, gáàsì inú àwọn bọ́ọ̀lù irin ló ti lọ. Oògùn jíjò kò lè dá gáàsì padà, ẹ pààrọ̀ wọn. Ẹni tó bá sì tú nọ́ọ̀tì páìpù láì kọ́kọ́ tú agbára epo sílẹ̀ ń wá ilé ìwòsàn, nítorí pé epo tó ń jáde pẹ̀lú irú agbára yẹn lè gún awọ ara wọlé. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí epo nìkan gbé dúró láéláé. Ẹ fi irin tàbí igi tó nípọn tì í.

Ní ti LX 470 ọ̀sẹ̀ tó kọjá yẹn, lẹ́yìn tí a fọ abẹ́ rẹ̀ tán, họ́ọ̀sì tó ń dá epo padà sínú tánkì la rí i pé kílíìpù rẹ̀ ti dẹ̀. Kílíìpù tuntun kò tó ₦1,000. Fáàfù ẹ̀yìn tó dí àti gbogbo epo tí a gbọ́dọ̀ fọ̀ jáde ni ọ̀gá ń wá owó rẹ̀ báyìí. Kí ó tó lọ, ó ṣí búùtù, ó mú ìgò kẹta tí kò tíì ṣí jáde, ó sì bi mí bóyá mo lè bá òun rà á.