Bí A Ṣe Ń Fi Nọ́ńbà Ìdíje Sára Ọkọ̀ Láìná Owó Gọbọi, Láìba Ọ̀dà Rẹ̀ Jẹ́

Ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní Abẹ́òkúta ń gbé lọ síbi ìdíje eré ọkọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, òun náà la ó fi gbé ọmọ lọ síléèwé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí i lára. Nọ́ńbà ìdíje gbọ́dọ̀ hàn kedere sí ẹni tó ń ka àkókò lókèèrè, kó sì kúrò lálẹ́ ọjọ́ yẹn láìbó ọkọ̀ lára. Ohun tí ẹ ó fi ṣe é kò wọ́n, ẹ ó rí i rà ní Sápón tàbí Kútọ̀.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ béèrè ìwọ̀n tí àwọn tó ṣètò ìdíje náà ń fẹ́. Ẹgbẹ́ SCCA ní Amẹ́ríkà, tó máa ń ṣe ìdíje tí wọ́n fi kóònù là ọ̀nà rẹ̀ sórí ilẹ̀ gbalasa, ní kí nọ́ńbà má ga kéré sí ínǹṣì 8, kí ìlà tí wọ́n fi kọ ọ́ má sì tín ju ínǹṣì 1.25 lọ. Bí àwọn olùṣètò tiyín kò bá sọ nǹkan kan, ẹ lo ìyẹn. Ní ti àwọ̀, dúdú ló yẹ ọkọ̀ funfun àti aláwọ̀ fàdákà, funfun ló yẹ ọkọ̀ dúdú, búlúù tàbí pupa. Nọ́ńbà pupa lára ọkọ̀ dúdú kì í hàn, bó ti wù kó wu ẹni tó ni ọkọ̀ tó.

Téèpù tí àwọn oníná fi ń wé wáyà ni mo fẹ́ràn jù. Ó ní dúdú, ó ní funfun, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 19 lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lẹ ìlà méjì tó fara kanra, ó di mìlímítà 38, ó sì ti ju ínǹṣì 1.25 lọ nìyẹn. Róòlù kan tó fún nọ́ńbà oníka méjì lára ilẹ̀kùn méjèèjì.

Ẹ kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ fọ ilẹ̀kùn iwájú méjèèjì. Ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu eruku pupa ìlú wa yìí kúrò lásán, nítorí yanrìn inú rẹ̀ yóò ha ọ̀dà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Àárọ̀ kùtù, tàbí abẹ́ ibòòji, ló dára láti ṣiṣẹ́ náà, nígbà tí irin kò tíì gbóná. Ẹ wá fa téèpù bébà, irú èyí tí àwọn tó ń fín ọ̀dà sára ọkọ̀ ń lò, gbọọrọ sórí ilẹ̀kùn láti fi ṣe ìlà ìsàlẹ̀, kí nọ́ńbà má baà dagun. Ẹ fa òmíràn sókè rẹ̀ ní ínǹṣì 8. Ẹ yàgò fún ọwọ́ ilẹ̀kùn àti àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn méjì.

Ẹ kọ nọ́ńbà náà ní onígun, bíi ti aago oníná, nítorí téèpù kì í fẹ́ yípo. Orí pátákó tàbí gíláàsì ni kí ẹ ti gé e. Ẹ má ṣe gbé abẹ sún mọ́ ara ọkọ̀ rárá! Ohun tó ń ba iṣẹ́ àwọn ènìyàn jẹ́ jù ni pé wọ́n máa ń fa téèpù nígbà tí wọ́n bá ń lẹ̀ ẹ́. Rọ́bà ni, bí oòrùn bá pa á, yóò súnkì padà, etí rẹ̀ yóò sì ṣí. Ẹ kàn tẹ́ ẹ jẹ́jẹ́, kí ẹ fi káàdì ATM tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Etí tó bá kọjú síwájú ọkọ̀, ẹ fi téèpù mìíràn gùn ún lórí kí atẹ́gùn má baà ká a. Bí wọ́n bá ní kí ẹ yan nọ́ńbà fúnra yín, 11, 17 tàbí 41 rọrùn lọ́pọ̀lọpọ̀ ju 38 lọ.

Ẹ má jẹ́ kó sùn sí i lára. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ padà sẹ́yìn, kí ẹ fà á díẹ̀díẹ̀. Bí gọ́ọ̀mù bá ṣẹ́kù, ẹ fi kẹrosíìnì díẹ̀ sórí aṣọ rírọ̀ nù ún, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má lo tínà, yóò jẹ ọ̀dà. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn láàárín oṣù kan, tàbí tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, ẹ má lẹ nǹkan kan mọ́ ọn lára. Gíláàsì ni kí ẹ lò.

Pọ́líìṣì funfun tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń kun bàtà kánfáàsì máa ń hàn dáadáa lórí gíláàsì ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn. Níbi tí ọgbọ́n ìlú wa ti wọ̀ ọ́ nìyí: àwọn aládìírẹ Ìtòkú máa ń gé bátànì sára páànù, wọ́n á wá fi ẹ̀kọ kùn ún kọjá sórí aṣọ. Ẹ gé nọ́ńbà yín bẹ́ẹ̀ sára káléńdà àtijọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, kí ẹ wá fi fóòmù tó mu pọ́líìṣì díẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tó-tò-tó. Bí fóòmù bá rin jù, yóò ṣàn wọ abẹ́ bátànì. Ẹ má kọ ọ́ sí gíláàsì iwájú. Omi àti ọṣẹ ló ń wẹ̀ ẹ́ kúrò, nítorí náà kò wúlò lásìkò òjò.

Bí òjò bá ṣú, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, kí wọ́n tẹ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sórí bébà A4, ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ láti inú. Bí wọ́n bá fi rọ́bà tíntì bo gíláàsì yín, èyí kò ní ṣiṣẹ́: nọ́ńbà kò ní hàn, téèpù sì lè ká rọ́bà náà.

Ẹni tó ń lọ sí ìdíje léraléra lè ra rọ́bà onímágínẹ́ẹ̀tì. Kò gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ ju mìlímítà 0.8 lọ, ẹ sì fi téèpù mú etí iwájú rẹ̀. Kì í lẹ̀ mọ́ alumíníọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ ni kì í lẹ̀ mọ́ ibi tí páńẹ́ẹ̀lì bítà ti fi fílà, ìyẹn àtè tó máa ń le tí kì í ṣe irin, dí ihò, ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó.

Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ má fi nǹkan kan bo nọ́ńbà tí ìjọba fún ọkọ̀. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí ẹnìkan rìn sẹ́yìn ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, kó ka ohun tó rí. Bó bá ń ṣì í kà, ẹ fi ìlà téèpù kẹta kún un.