Pad Thai nílé wa: ẹ má sè é bí Indomie

Bí ẹ bá ti ń wo Pad Thai, núdù ìrẹsì díndín àwọn ará Tháílándì, lórí fóònù, tẹ́ ẹ rò pé oúnjẹ olówó Èkó ni, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Ní Òṣogbo níbí, Sábó àti Ọjà Ọba fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo rẹ̀ tán. Núdù ìrẹsì àti omi ẹja (fish sauce) nìkan lẹ máa wá lọ sí sùpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹ ka ara páálí núdù náà: "rice sticks" tàbí "rice noodles" ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó sì fẹ̀ díẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ bẹ ẹni tó ń ti Ìbàdàn bọ̀.

Gíráàmù 400 á yó èèyàn márùn-ún. Ọbẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́: omi àjàgbọn ṣíbí ìjẹun 6, ṣúgà 6, omi ẹja 6. Àjàgbọn ni tsamiya tí àwọn Haúsá fi ń po kúnú. Tẹ́ ẹ bá dé Sábó, orúkọ yẹn ni kẹ́ ẹ pè. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná díẹ̀, ẹ fọwọ́ fún un dáadáa, kẹ́ ẹ wá sẹ́ ẹ. Kó ki o. Omi ṣooro kọ́ là ń wá.

Omi ẹja ni ti ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi iyọ̀ sí, tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìyá ọkọ mi ṣí ìgò rẹ̀, wọ́n ní, "Ìyàwó, kí ló kú síbí?" Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, ogiri tiyín ńkọ́?" Tẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ lo sọ́ọ̀sì sóyà, kẹ́ ẹ bu edé gbígbẹ lílọ̀ sí i. Ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kaná kí ṣúgà lè yọ́, ẹ tọ́ ọ wò: kó kan, kó dùn, kó níyọ̀, kí ọ̀kan má borí èkejì.

Ibi tí wọ́n ti ń ba oúnjẹ yìí jẹ́ rèé: wọ́n á da núdù sínú omi híhó. Ẹ jọ̀ọ́, omi tútù lásán, ìṣẹ́jú 30 sí 40. Ẹ wé fọ́nrán kan mọ́ ìka. Tó bá tẹ̀ láìkán, àmọ́ tó ṣì le lẹ́nu, ó ti tó. Ẹ sẹ́ ẹ gbẹ. Inú agbada ló ti máa jinná, bó ṣe ń mu ọbẹ̀.

Agbada tẹ́ ẹ fi ń dín àkàrà ló dáa jù. Kí iná ga, kí gbogbo nǹkan ti wà ní gígé, torí kò sáyè àti máa wá ọ̀bẹ. Ìwọ̀n àwo méjì ni kẹ́ ẹ máa ṣe lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, á lẹ̀ pọ̀ gbàgì. Ẹ dín áyù, edé àti wàrà sóyà (ẹ ra èyí tí wọn ò tíì dín, kò yàtọ̀ sí tàwọn ará Tháílándì). Ẹ da núdù sí i, ẹ bu ọbẹ̀ lé e, ẹ máa rò ó títí á fi rọ̀. Ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fọ́ ẹyin sí àyè tó ṣófo, ẹ rò ó mọ́ ọn. Èéhù ẹ̀wà ni wọ́n ń fi parí ẹ̀ lọ́hùn-ún. Kábéèjì rírẹ́ àti àlùbọ́sà eléwé ni mo ń lò. Ìṣẹ́jú kan péré, ẹ sọ̀ ọ́.

Màmá bi mí bóyá oúnjẹ àwọn baba ńlá wọn ni. Kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: àwọn Ṣáínà ló mú núdù díndín débẹ̀, ìjọba Phibun, olórí ìjọba wọn nígbà náà, ló sì gbé Pad Thai lárugẹ, láyìíká ìgbà tí wọ́n pa orúkọ orílẹ̀-èdè wọn dà láti Siam sí Tháílándì lọ́dún 1939.

Lórí tábìlì, oníkálukú ló ń tún tiẹ̀ ṣe, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́hùn-ún nìyẹn. Ẹ gbé ata gígún, ṣúgà, ẹ̀pà yíyan tẹ́ ẹ gún láìkúnná, àti ọsàn wẹ́wẹ́ kalẹ̀. Àwọn ọmọ mi ń fi ẹ̀pà bo tiwọn mọ́lẹ̀. Bàbá wọn, ata. Màmá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n wá ní ẹran ńkọ́. Tẹ́ ẹ bá ní irú Màmá bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ gé ẹran adìẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ dín in jinná kẹ́ ẹ tó da edé sí i.