Bí a ṣe ń de páńẹ́ẹ̀lì sólà mọ́ òrùlé bọ́ọ̀sì kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ

Ẹni tó bá fẹ́ gbé páńẹ́ẹ̀lì sólà sórí bọ́ọ̀sì rẹ̀ sábà máa ń bi ara rẹ̀ pé ṣé òrùlé á lè gbé e. Á gbé e. Páńẹ́ẹ̀lì 200 watt onígíláàsì kò ju nǹkan bíi kílò 12 lọ, ìyẹn ò sì tó ẹrù tí àwọn ọmọ gáréèjì ń jù sórí ọkọ̀ láàárọ̀ kan. Atẹ́gùn ló yẹ kó kọ yín lóminú, nítorí òkè ni atẹ́gùn ń fa páńẹ́ẹ̀lì sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sá eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan lójú márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, agbára atẹ́gùn tó ń kọlu ibi tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, tó ìwúwo kílò 47. Páńẹ́ẹ̀lì 200 watt náà sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí atẹ́gùn òjò bá tún ń bọ̀ lọ́ọ̀kán ní 30 kìlómítà ní wákàtí kan, ó ti di nǹkan bíi kílò 80 nìyẹn, torí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára atẹ́gùn á di ìlọ́po mẹ́rin. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń gbé páńẹ́ẹ̀lì sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ dè é bíi pé gbogbo rẹ̀ ni. Páńẹ́ẹ̀lì tó bá já lórí eré kì í bọ́ sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ojú gíláàsì ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń lọ.

Ọkọ̀ tí mo ní lọ́kàn ni Toyota Hiace tí wọ́n ti tú àga ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, irú èyí tí wọ́n fi ń ta ohun mímu tútù, tí wọ́n fi ń polówó àgúnmu pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tàbí tí ìjọ fi ń gbé ìwàásù kiri abúlé. Ohun tí mo bá sọ nípa rẹ̀ bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí òrùlé wọn jẹ́ irin mu.

Ẹ kọ́kọ́ gun orí ọkọ̀

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ mú téèpù ìwọ̀n àti ṣọ́ọ̀kì, ẹ gòkè. Òrùlé tó dà bíi pé ó tẹ́jú láti ìsàlẹ̀, ẹ óò rí i pé ó dà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ó sì ní àwọn ìlà tó ga lórí rẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya ibi tí páńẹ́ẹ̀lì yóò jókòó sí. Kò gbọdọ̀ yọ kọjá etí òrùlé níbikíbi, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ètè òrùlé níwájú jù, nítorí ibẹ̀ ni atẹ́gùn tó gun gíláàsì iwájú bọ̀ ti ń bú jáde. Bí ìjì ṣe ń ṣí páànù ilé náà ni: etí kan ni atẹ́gùn kọ́kọ́ ń gbà wọ abẹ́ rẹ̀, ìyókù á wá tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọnú ọkọ̀, kí ẹ tú aṣọ òrùlé díẹ̀. Ẹ wo ibi tí àwọn ọ̀pá irin tó gbé òrùlé dúró gbà kọjá, kí ẹ sì wo ibi tí wáyà iná wà. Lẹ́bàá ọ̀pá wọ̀nyí ni òrùlé ti lágbára. Láàárín ọ̀pá kan sí èkejì, irin fẹ́lẹ́ lásán ni: bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á jìn, á sì tún ta padà.

Ọ̀rọ̀ kan lórí páńẹ́ẹ̀lì tí ẹ fẹ́ rà. Wọ́n á sọ fún yín ní Àlàbà pé páńẹ́ẹ̀lì ńlá tí wọ́n ń lò fún ilé ló dín owó jù, òótọ́ sì ni, tí ẹ bá fi watt pín owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n páńẹ́ẹ̀lì 400 watt gùn tó mítà 1.7, ó fẹ̀ ju mítà kan lọ, ó sì lé ní kílò 20. Lórí òrùlé tó dà sí ẹ̀gbẹ́, tó ń gbọ̀n ní gbogbo kòtò, èmi ò ní gbé e síbẹ̀. Kékeré méjì dára ju ńlá kan lọ. Ti páńẹ́ẹ̀lì fẹ́lẹ́ tó ṣeé tẹ̀, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ òrùlé látòkè délẹ̀, ó rọrùn lóòótọ́, àmọ́ ooru ló ń pa á. Páńẹ́ẹ̀lì ń pàdánù nǹkan bí ìdá 0.3 sí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún iná rẹ̀ fún gbogbo dìgírì kan tí ara rẹ̀ bá fi gbóná ju 25 lọ, òrùlé irin lọ́sàn-án Èkó sì kọjá bẹ́ẹ̀ fíìfíì. Onígíláàsì tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ rà. Àlàfo sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 ti tó. Bí ẹ bá gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ń ṣílẹ̀kùn fún atẹ́gùn ni.

Kàríà ni mo fara mọ́ jù

Ọ̀pọ̀ Hiace ní ojú àgbàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé, ibi tí òjò ń gbà ṣàn lọ. Ojú àgbàrá yìí ni wọ́n ń de kàríà, ìyẹn irin ìdẹ́rù orí òrùlé, mọ́, kò sì sí ìdí láti lu òrùlé. Nítorí náà, bí ọkọ̀ yín bá ní in, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ní kí wẹ́dà fi irin onígun ṣe ọ̀pá mẹ́ta tó dábùú òrùlé, kí orí méjèèjì ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ tó ń gbá ojú àgbàrá mú láti òkè àti láti ìsàlẹ̀, tí bóòtù á sì fà wọ́n pọ̀. Ilé wẹ́dà ni kí ó ti jó o, kó má ṣe jó o lórí ọkọ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju kó jó o lórí ọkọ̀ lọ, ẹ tú orí bátìrì ọkọ̀ kúrò kí ó tó tan ẹ̀rọ rẹ̀, kí iná má baà ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń ṣáàjì bátìrì jẹ́. Kí páńẹ́ẹ̀lì má sì sí nítòsí, torí ẹta iná wẹ́dà máa ń jẹ gíláàsì.

Ẹ fi rọ́bà tẹ́ abẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan kó má baà gé ọ̀dà ọkọ̀. Ẹ kun ọ̀pá ní ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Férémù páńẹ́ẹ̀lì ní ihò tí ilé-iṣẹ́ ti lu sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ihò wọ̀nyẹn ni kí ẹ lò. Ẹ má lu tuntun bí kò bá pọn dandan, torí bí dírílì bá yọ̀, gíláàsì ló máa bá. Bóòtù tí sípánà 10 tàbí 13 ń tú ló sábà ń wọ ihò wọ̀nyí. Ẹ ra aláìpẹtà, ẹ má ra dúdú olówó pọ́ọ́kú. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ni kí ẹ fojú sí: ẹ ra èyí tó ní òrùka náílọ́ọ̀nù nínú, tó ń le lọ́wọ́ bí ẹ ṣe ń dè é. Nọ́ọ̀tì lásán á tú fúnra rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ lórí ọ̀nà wa. Páńẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ibi ìdè mẹ́rin ó kéré tán. Bí ó bá gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ, mẹ́fà. Férémù náà, alumíníọ̀mù ni. Bó bá fara kan irin lásán níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́, á máa jẹrà díẹ̀díẹ̀, nítorí náà rọ́bà ni kó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ má fi okùn dè é. Ẹ má fi wáyà dè é.

Bó bá di dandan láti lu òrùlé

Àwọn ọkọ̀ kan ò ní ojú àgbàrá tó ṣeé gbá mú. Nígbà náà, ẹ ra ẹsẹ̀ alumíníọ̀mù tó tẹ̀ bíi lẹ́tà Z, mẹ́rin tàbí mẹ́fà fún páńẹ́ẹ̀lì kan. Ẹ de ẹsẹ̀ mọ́ páńẹ́ẹ̀lì nílẹ̀, kí ẹ tó gbé gbogbo rẹ̀ gòkè. Ẹ gbé e sórí ìlà ṣọ́ọ̀kì, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ sì tún gbé e sílẹ̀. Kí ẹ tó tan dírílì, ẹ rán ẹnì kan wọnú ọkọ̀ lọ wò bóyá wáyà tàbí ọ̀pá wà lábẹ́ àmì náà.

Ẹ fi bíìtì kékeré ṣáájú, kí ẹ tó fi ńlá tẹ̀ lé e. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyí, kì í sì í hàn lọ́jọ́ náà. Eérún irin tí dírílì gbẹ́ jáde á fọ́n ká òrùlé. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ìrì á sẹ̀ sí i, ẹ óò sì bá òrùlé tó kún fún àmì ìpẹtà pupa wínníwínní, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì máa jẹ ọ̀dà lọ. Ẹ gbá a kúrò lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi fáìlì ra ètè ihò títí kò fi ní gé ọwọ́ mọ́, ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kun irin tó ṣí sílẹ̀ nínú ihò, kó gbẹ dáadáa.

Gúlúù ló kàn. Ẹ má lo sílíkọ́ọ̀nù tó ń rùn bí ọtí kíkan: ó ń jẹ irin, kì í sì í jẹ́ kí gúlúù gidi lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ mọ́. Gúlúù dúdú tí àwọn tó ń fi gíláàsì iwájú ọkọ̀ ń lò ni kí ẹ wá, tàbí Sikaflex tó wà fún ara ọkọ̀. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ fi sándípépà ra abẹ́ ẹsẹ̀ àti ojú òrùlé tó fẹ́ jókòó sí, kó ṣe hàráhàrá, kí ẹ fi sípírítì nù ún mọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, torí òógùn ọwọ́ ń dí gúlúù lọ́wọ́. Ẹ fi gúlúù yí ihò ká, kí ẹ tún fi sí gbogbo abẹ́ ẹsẹ̀, kí ẹ gbé páńẹ́ẹ̀lì lé e, kí ẹ sì fi bóòtù gba ihò kọjá.

Nínú ọkọ̀, wáṣà kékeré kò tó. Nígbà tí atẹ́gùn bá fà á, wáṣà kékeré á gba inú irin fẹ́lẹ́ yẹn kọjá. Ẹ gé irin pẹlẹbẹ tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ẹ lù ú, ẹ fi sábẹ́ òrùlé láti inú, kí nọ́ọ̀tì wá dúró lórí rẹ̀. Bí irin yìí bá lè kan ọ̀pá òrùlé, ó tún dára sí i. Ẹ dè é títí gúlúù á fi yọ jáde yíká ẹsẹ̀, kí ẹ dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá ń fún un lọ, gbogbo gúlúù á sá jáde. Èyí tó yọ yẹn, ẹ fi ìka tó tutù fún ọṣẹ tún un ṣe kí omi òjò má baà dúró lẹ́bàá rẹ̀.

Ẹ ní sùúrù. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú gúlúù yìí le, nǹkan bíi mìlímítà 3 sí 4 láàárín wákàtí 24, láti etí wọ inú. Kí ọkọ̀ náà má gun márosẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Wáyà

Páńẹ́ẹ̀lì ń mú iná jáde bí oòrùn bá ti kàn án, kò ní bọ́tìnì tí a fi ń pa á. Ẹ fi aṣọ tó nípọn bò ó títí ẹ óò fi parí. Wáyà 6 mm², tó lè gba oòrùn, ni kó wá láti òkè. Ìdérí ihò tó ní rọ́bà nínú ni kó gbà wọlé, tí ẹ ti fi gúlúù kan náà lẹ̀ mọ́ òrùlé, kí wáyà sì kọ́kọ́ tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó wọnú ihò, kí omi lè kán sílẹ̀ kó má tẹ̀ lé e wọlé. Ẹ so ó mọ́ ọ̀pá kó má máa na òrùlé. Bátìrì ni kí ríwáyà kọ́kọ́ so mọ́ kọ́ńtírólà, ẹ̀rọ tó ń darí iná láti páńẹ́ẹ̀lì wọ bátìrì, kó tó so páńẹ́ẹ̀lì, kí fíúsì sì wà nítòsí bátìrì.

Ìdánwò, àti àwọn olè

Ẹ di férémù mú lọ́wọ́ méjèèjì, kí ẹ gbọ̀n ọ́n tagbáratagbára. Ọkọ̀ gan-an ló yẹ kó mì lórí táyà rẹ̀. Bí páńẹ́ẹ̀lì bá mì tí ọkọ̀ kò mì, ẹ tú u, ẹ tún un dè.

Ẹ mú ọ̀dà funfun díẹ̀, kí ẹ fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì kọjá sórí irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, nídìí gbogbo nọ́ọ̀tì. Ọjọ́ tí ìlà náà bá ya sọ́tọ̀, nọ́ọ̀tì yẹn ti yí nìyẹn, ẹ óò sì rí i láìfọwọ́ kàn sípánà. Ẹ wò ó lẹ́yìn ìrìnàjò àkọ́kọ́ tó jìnnà, ẹ wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà kí ó di oṣooṣù.

Ti àwọn olè, tí wọ́n mọ iye tí páńẹ́ẹ̀lì ń tà ju ẹ̀yin tó rà á lọ: ẹ lo bóòtù olórí róbótó tí sípánà kò lè mú, tàbí kí ẹ fi òòlù na imú bóòtù pẹrẹsẹ lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é tán, kí nọ́ọ̀tì má lè jáde. Ìyà rẹ̀ á jẹ ẹ̀yin náà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tú u, nítorí náà ẹnu bóòtù méjì péré ni mo máa ń ní kí wọ́n nà, ní igun tó kọjú síra.

Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nu eruku kúrò láàárọ̀ nígbà tí gíláàsì kò tíì gbóná. Kí awakọ̀ sì mọ̀ pé ọkọ̀ náà ti ga sí i, kó wọn gíga rẹ̀ tuntun, kó kọ ọ́ sára díńgí iwájú, torí irin ìdábùú tó wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn ibi ìgbọ́kọ̀sí kan kò ní dúró bi í.