Kí Ẹ Tó Yọ́ Lẹ́ẹ̀dì: Ẹ Fi Verilog Dán Changeover Wò

Iná tó ń dé tó ń lọ ló ń pa kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fíríìsà. Àwọn ẹlẹ́ja tútù tí mò ń ṣe changeover fún ní Sábó, ní Ṣágámù níbí, mọ̀ ọ́n dáadáa: NEPA á mú iná wá, kí wọ́n tó pa jẹnẹrétọ̀ ó ti lọ. Changeover tó mọṣẹ́ kì í sáré, á kọ́kọ́ wò ó bóyá iná ọ̀hún fẹ́ jókòó. Ìdúró yẹn la máa fi Verilog kọ, èdè tí a fi ń ṣàpèjúwe ẹ̀rọ oníná fún kọ̀ǹpútà ká lè dán an wò kí a tó tò ó.

Èdè mìíràn bíi rẹ̀, VHDL, náà wà, ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ló ní kí wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n ẹjọ́ rẹ̀ pọ̀ jù fún iṣẹ́ kékeré. Verilog tó ti wà láti 1984 tó wa. Lórí Ubuntu, ẹ tẹ `sudo apt install iverilog gtkwave`. Ọ̀fẹ́ ni: iverilog ló ń ṣe ìdánwò, GTKWave ló ń ya àwòrán ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ èyí sínú ina.v:

```
module changeover(input clk, input nepa, output reg lo_nepa);
  reg [3:0] ka = 0;
  initial lo_nepa = 0;
  always @(posedge clk)
    if (!nepa) begin ka <= 0; lo_nepa <= 0; end
    else if (ka == 10) lo_nepa <= 1;
    else ka <= ka + 1;
endmodule
```

Ẹ má rò pé ìlà kan ń dúró de èkejì. Wáyà là ń tò. Bí clk (àmì tó ń lọ sókè sódò láìdúró, bí ìlù) bá ti gòkè láti 0 sí 1, gbogbo ohun tó ní `<=` á yí padà pọ̀, bí oníjó tó gbẹ́sẹ̀ sókè lójú ìlù kan náà. Ẹ má fi `=` lásán síbẹ̀. `[3:0]` lè kà dé 15. Ẹni tó bá fẹ́ kà dé 60, kó kọ `[5:0]`.

Ìdánwò gan-an ni iṣẹ́, òun sì làwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń fò. NEPA oníjìbìtì la máa kọ sínú idanwo.v:

```
module idanwo;
  reg clk = 0, nepa = 0;
  wire lo_nepa;
  changeover c(clk, nepa, lo_nepa);
  always #1 clk = ~clk;
  initial begin
    $dumpfile("ina.vcd"); $dumpvars;
    #4 nepa = 1; #6 nepa = 0;
    #4 nepa = 1; #40 $finish;
  end
endmodule
```

Ẹ tẹ ìwọ̀nyí tẹ̀ léra:

```
iverilog -o ina ina.v idanwo.v
vvp ina
gtkwave ina.vcd
```

Nínú GTKWave, ẹ tẹ idanwo lápá òsì, kí ẹ fa àwọn orúkọ wá sójú ìran (ka wà nínú c, lábẹ́ idanwo). Nepa gòkè ní 4, ó já ní 10. Lo_nepa ò gbọdọ̀ mira rárá. Nepa tún gòkè ní 14. Ka á pé 10 ní 33, lo_nepa á sì gòkè ní 35. Bó bá gòkè ṣáájú, kíkà yín ló ní wàhálà. Bí ẹ bá gbàgbé `= 0` lẹ́gbẹ̀ẹ́ clk, ìlà rẹ̀ á pọ́n kalẹ̀: òdì ohun tí a ò mọ̀, a ò mọ òun náà.

Tó bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lè lọ ra pátì. Àmọ́ lo_nepa ò lágbára láti fa contactor (súìsì ńlá tó ń gbé iná kọjá) fúnra rẹ̀, ẹ fi transistor àti relay sí àárín. Kí ẹ sì de contactor NEPA àti ti jẹnẹrétọ̀ pọ̀ pẹ̀lú interlock onírin, kí méjèèjì má lè wọlé pọ̀ láéláé, ohun yòówù tí Verilog ì báà sọ.