Kọ̀ǹpútà tó ní kí èmi olówó rẹ̀ padà wá

8 000 fáráǹkì! Iye tí mo san nìyẹn kí wọ́n tó sọ fún mi pé kò sí ọ̀nà míì, àfi kí wọ́n nu gbogbo inú kọ̀ǹpútà mi, kí wọ́n wá gbé Linux (ètò tó ń darí ẹ̀rọ) tuntun sí i. Mo gbé e padà lórí zémidjan (ọ̀kadà), mo gbé e lé itan bí ọmọ tó ń ṣàìsàn.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe nítòsí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́. Iná lọ lóru, ó dé láàárọ̀, mo tan ẹ̀rọ, àmì Ubuntu, irú Linux tí mò ń lò, yọ, ó sì jókòó síbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi gba orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wọlé sí tèmi pẹ̀lú ssh, ètò tí a fi ń wọ ẹ̀rọ kan láti orí òmíràn. Ó ní, “Ọ̀gá, ó dáhùn o, ṣùgbọ́n ó ní ká máa lọ ná.” Mo wò ó: System is booting up. Unprivileged users are not permitted to log in yet. Please come back later. Ó ní òun ṣì ń jí, kí ẹni tí kò ní àṣẹ padà wá tó bá yá. Èmi tí mo fi owó mi rà á!

Bí Linux bá ń jí, ó máa ń fi fáìlì kan, /run/nologin, dí ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ systemd-user-sessions ló ń yọ ọ́. Bí iṣẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ kò bá tíì parí, root, ọ̀gá àgbà inú ẹ̀rọ, nìkan ló lè kọjá, n kò sì fún root ní páswọ́ọ̀dù rí.

Ọ̀nà àbáyọ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: kí n dá GRUB, ètò tó ń gbé Linux dìde, dúró, kí n tẹ lẹ́tà e, kí n fi systemd.debug_shell=1 sí ìparí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux, kó lè jẹ́ kí n pàṣẹ bíi root láìbéèrè páswọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ kan yìí jẹ mí ní wákàtí kan ààbọ̀.

Kíbọ́ọ̀dù Faransé la ń lò níbí, GRUB sì gbà pé ti Amẹ́ríkà ni. Ọwọ́ mi ni mò ń wò bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mo gbójú sókè, mo bá syste;d<debug8shell=! lójú rẹ̀. Mo pa á, mo tún un tẹ̀, kò yí padà. Mo rò pé kíbọ́ọ̀dù ti bàjẹ́, mo yá ti aládùúgbò mi. Faransé ni tòun náà!

Ìgbà tó yá ni mo jókòó, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ọ́ sára páálí: bọ́tìnnì , ló ń gbé m jáde; bọ́tìnnì : ló ń gbé àmì ìdúró; Shift pẹ̀lú ) ni _; & láìsí Shift ni 1. Páálí yẹn ṣì wà lára ògiri mi. Bí ẹ bá ń lo irú kíbọ́ọ̀dù yìí, ẹ kọ tiyín kí wàhálà tó dé.

Mo tẹ Ctrl+X kó máa jí lọ, lẹ́yìn náà Ctrl+Alt+F9 kí n lè pàṣẹ bíi root, mo wá kọ systemctl list-jobs kí n rí iṣẹ́ tí kò tíì parí. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń lọ, gbogbo ìyókù tò sẹ́yìn rẹ̀: duro-de-keji.service.

Èmi ni mo kọ ọ́.

Mo ní kó máa pe kọ̀ǹpútà wa kejì títí yóò fi dáhùn, kó tó ṣí fódà tó wà níbẹ̀. Iná òru ọjọ́ yẹn ti jó ìkejì. Irú iṣẹ́ tí mo fi í ṣe, oneshot (àṣeparí ẹ̀ẹ̀kan), kì í sì ní òpin àkókò bí a kò bá fún un. Mo stop rẹ̀; kí n tó gbọ́wọ́ kúrò, ojú ìwé ìwọlé ti yọ. Mo fi TimeoutStartSec=30 sí i kó má dúró ju ìṣẹ́jú-àáyá 30 lọ, mo fi nofail sí fstab, fáìlì tó to àwọn fódà tí ẹ̀rọ ń ṣí, kí fódà yẹn má bàa dá a dúró mọ́.

Ká ní mo tẹ Esc nígbà tí àmì Ubuntu wà lójú ni, ǹ bá ti rí i: A start job is running for “Dúró de kọ̀ǹpútà kejì”, no limit (kò lópin) lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó gba 8 000 lọ́wọ́ mi náà kò tẹ Esc.